Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ẹ́ Tukọ̀ Lórí Ọya, Ẹ Ka Eléyìí Kẹ́ Ẹ Tó Kúrò Nílé

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, nítorí omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, kò sẹ́ni tó lè bá a bínú pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi bá bá bínú, ará ilé rẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe rí. Ìdí rèé tá a fi ní ká bá yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìrè-Èkìtì, Ọyẹ́, Ìkọ̀lé, Ìdó àti agbègbè wọn, tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa fi ìsinmi rìnrìn-àjò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí i nínú fídíò báwọn òyìnbó ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní káyáàkì, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú, tí wọ́n á máa fi àjẹ̀ olórí méjì wa omi lọ́tùn-ún lósì. Bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á pàgọ́ sétí odò, bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún gbéra. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Àwọn ará Inuit tó ń gbé níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ yìí, awọ ẹran inú òkun ni wọ́n fi ń bò ó, ọdẹ ni wọ́n sì ń fi ṣe. Lónìí, fàájì ló dà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ wá ń bi ara yín pé, ṣé àwa ò lè ṣe é ni?

A lè ṣe é. Bí kò bá sí káyáàkì, ọkọ̀ onígi àwọn apẹja wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ odò tá a fẹ́ gùn, ká mọ ohun tójú àwọn tó ṣáájú wa rí, ká sì mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹrù wa.

ODÒ WO LẸ Ẹ́ GÙN?

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Èkìtì, àwọn àgbà ní òkìtì ni orúkọ wa ti wá. Ibi tí òkè bá wà, orísun odò ló máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹnu odò. Ẹ wo Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kékeré ló wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ìgbà tó bá dé Òṣogbo ló tó di odò tí gbogbo ayé ń wá wò, kó tó lọ já sí ọ̀sà Lẹ́kí. Báwọn odò wa yòókù ṣe rí náà nìyẹn. Lásìkò òjò, wọ́n á máa ru gùdù láàárín àpáta; lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè bọ́ bàtà sọ́wọ́ kó fẹsẹ̀ la òmíì kọjá. Ọkọ̀ ò lè rìn lórí wọn fún ọjọ́ méjì.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ nítòsí ni adágún dáàmù tó wà ní Ìkún-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà. Àwọn apẹja wà níbẹ̀ tó mọ àjẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n omi mímu àwọn ará ìlú ni omi ọ̀hún, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o, ẹ má sì ṣe ìdọ̀tí síbẹ̀.

Bó bá di ọ̀rọ̀ odò ńlá, Ọya ló sún mọ́ wa jù, òun làwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Ẹ wo ọ̀nà rẹ̀ bó ṣe rọrùn tó: láti Ìrè, ẹ ó gba Ọyẹ́, Ìdó àti Ọ̀tùn lọ sí Òmù-Àrán, ẹ ó dé Ìlọrin, lẹ́yìn náà Jẹ́bà. Jẹ́bà lẹ ó ti wọkọ̀, ẹ ó máa bá omi sọ̀ kalẹ̀ kọjá Pátẹ́gí, níbi tí odò Kàdúná ti ń wọnú Ọya, ẹ ó kọjá Bàrò títí dé Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Láti Lọ́kọ́ja, Kàbà, Ọmùó àti Ìkọ̀lé lẹ ó gbà padà sílé. Ẹ ò rí i pé ẹ ti yí i po bí agbọ̀n!

Ẹ̀yin ará Ìrè gan-an ò sì ṣàjèjì sí Ọya. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wa sọ pé ìyàwó Ògún ni Ọya kó tó di pé ó fẹ́ Ṣàngó. Ìlú Ògún Onírè lẹ ti ń bọ̀, àáké Ògún ni wọ́n sì fi gbẹ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀. Ẹ ṣáà rọra kí aya àná.

ÀWỌN TÓ TI GÙN ÚN KỌJÁ

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é. Lọ́dún 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Bùsà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí Ọya títí wọ́n fi dé òkun ní ìlú Brass. Àwọn ló jẹ́ káwọn òyìnbó mọ ibi tí Ọya ń já sí. Bùsà àtijọ́ yẹn ti wà lábẹ́ omi dáàmù Kainji báyìí.

Láàárín 1946 sí 1947, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ará Faransé, Jean Rouch, Pierre Ponty àti Jean Sauvy, gun ọkọ̀ láti apá orísun Ọya ní Guinea títí dé òkun. Oṣù mélòó kan ni wọ́n lò lórí omi. Jean Rouch ọ̀hún ló wá di gbajúmọ̀ nídìí fíìmù lẹ́yìn náà.

Ẹni tó lo káyáàkì gan-an ni Kira Salak, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan. Òun nìkan ló wa káyáàkì aláfẹ́fẹ́ láti Ségou dé Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Mali, ìrìn nǹkan bí 600 máìlì. Ó kọ ìwé lé e lórí, tó jáde ní 2004. Erinmi ò pa á, ìjì ò pa á, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ń ṣe é nígbà tó máa fi dé Timbuktu. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn tó tiẹ̀ pàgọ́ sí Jẹ́bà láìròtẹ́lẹ̀ náà wà. Ní October 1857, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Dayspring kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Dókítà Baikie àtàwọn èèyàn rẹ̀ pàgọ́ sétí odò fún oṣù púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, John Glover, ló fẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ Yorùbá dé Èkó lọ wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Glover yìí náà ló padà di gómìnà Èkó. Ẹ rí i pé odò tó balẹ̀ lójú lè ní àpáta nínú. Ẹ má ṣe kúrò ní Jẹ́bà láìmú ọmọ onílẹ̀ tó mọ ojú omi dání.

IBÀ LÓ PA WỌ́N, KÌ Í ṢE OMI

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nínú gbogbo ìrìn-àjò orí Ọya láyé ọjọ́un, ibà ló pa àwọn èèyàn jù. Ní 1832, òyìnbó 48 ló bá Macgregor Laird wọ Ọya, 9 péré ló padà délé láàyè. Ní 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Òyìnbó bíi 145 ló wà nínú rẹ̀, ibà mú 130 nínú wọn, ó kéré tán 40 kú. Ọmọ Yorùbá wa láti Òṣoògùn, Samuel Ajayi Crowther, wà nínú ìrìn-àjò yẹn, ó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní 1854, Crowther tún lọ, pẹ̀lú Dókítà Baikie, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pleiad. Wọ́n lò tó oṣù mẹ́rin lórí Ọya àti Bẹ́núé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan ò kú. Kí ló yàtọ̀? Omi náà ni, ẹ̀fọn náà ni. Oògùn kuníìnì ni. Baikie ò dúró kí ibà mú wọn kó tó fún wọn lóògùn, ó ń fún wọn lójoojúmọ́. Wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n ṣe ṣáájú àìsàn ló gbà wọ́n là.

Àwa tá a bí síbí lè máa rò pé ibà ò jẹ́ nǹkankan. Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí ibà ń mú láyé ló jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n wà. Torí náà:

Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí dání, kẹ́ ẹ sì ká etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Alẹ́ ni ẹ̀fọn ibà ń jẹni, nítorí náà, tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò.

Tí ara ẹnì kan bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn ìjọba. Bó bá jẹ́ ibà, oògùn ACT ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ lò ó tán, kẹ́ ẹ má ṣe pín in lò láàárín ọ̀rẹ́ méjì.

Tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín bá ń bọ̀ láti London tàbí Amẹ́ríkà, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó gba oògùn tó ń dènà ibà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìrè ni wọ́n bí i sí, ara tó ti pẹ́ lókè òkun kò lágbára mọ́ láti bá ibà jà. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ibà máa ń dè mọ́lẹ̀ jù, torí wọ́n rò pé ilé làwọn wá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ PÁTẸ́GÍ

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù June 2023, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kan ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n ń padà sí ìjọba ìbílẹ̀ Pátẹ́gí ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọkọ̀ onígi kan ṣoṣo ni wọ́n kún fọ́fọ́ sí. Kùkùté igi kan wà lábẹ́ omi, ọkọ̀ kọ lù ú nínú òkùnkùn, ó sì fọ́. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Odò tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ gùn gan-an ni. Ẹ wo ohun mẹ́ta tó pàdé lóru ọjọ́ yẹn: èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, òru ni wọ́n rìn, kò sì sí ẹ̀wù ìléfòó lára wọn. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tó pààyàn. Ẹ̀wù ìléfòó yẹn làwọn èèyàn ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe fi ṣe ìrọ̀rí nínú ọkọ̀, ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ so okùn rẹ̀ kó le. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí bí orí bá gbá igi, ìwẹ̀ á di ìgbàgbé. Tẹ́ ẹ bá dé Lọ́kọ́ja, níbẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi wa, ìyẹn NIWA, wà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ti wá ibi gúnlẹ̀ sí, kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí òkùnkùn bá yín lórí omi.

Bí ẹnì kan bá já sómi, ẹ má ṣe bẹ́ gìjà tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń rì máa ń di ẹni tó wá gbà á mú, àwọn méjèèjì á sì jọ lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tẹ́ ẹ ti dé ní ìdérí ni kẹ́ ẹ jù sí i, pẹ̀lú okùn nídìí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé e jáde tí kò mí mọ́, ẹ má ṣe gbé e kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n kíákíá, kẹ́ ẹ tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

ÀÌSÀN TÓ WÀ NÍNÚ OMI

Àkọ́kọ́ ni àtọ̀sí ajá. Ìgbín omi kéékèèké ló ń tọ́jú kòkòrò rẹ̀, kòkòrò ọ̀hún á sì gba awọ ara wọlé nígbà téèyàn bá dúró sínú omi. Ibi tí omi ò ti ṣàn, tí koríko pọ̀ létí rẹ̀, ló pọ̀ sí jù, irú bí etí dáàmù. Ẹ má ṣe wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sì fẹsẹ̀ rìn pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, mẹ́ta tó ti dé, kó má ṣe pa á mọ́ra nítorí ìtìjú. Oògùn praziquantel wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ìkejì ni inárun, tó ń fọ́ni lójú. Kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń bí síbi tí omi ti ń sáré láàárín àpáta ló ń gbé e kiri, ọ̀sán ló sì máa ń jẹni. Àwọn odò Èkìtì wa náà dára fún un gan-an. Láti 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti ń fún àwọn èèyàn ní oògùn ivermectin lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá pín in ládùúgbò yín, ẹ lò ó.

Ìkẹta ni ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbẹ́ ọ̀rìn tó bá Kira Salak jà. Ẹ má mu omi odò bẹ́ẹ̀. Ẹ sè é kó hó yaya, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú kan. Bí ìgbẹ́ bá ti ń ṣe ẹnì kan, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà: lítà omi sísè kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn nìyẹn.

OÚNJẸ ÀTI IBÙSÙN

Ará Èkìtì ò lè gbé odó iyán wọkọ̀, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ẹ̀pà àti àádùn ni kẹ́ ẹ kó. Àwọn apẹja Tápà á ta ẹja tútù fún yín létí odò, ẹ sè é kó jinná dáadáa. Inú ike tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ kó oúnjẹ sí, nítorí èkúté. Èkúté tó bá tọ̀ sínú gàrí lè kó ibà Lassa bá gbogbo yín, gàrí tútù tẹ́ ẹ sì ń mu kì í rí iná. Ẹ mú iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ, iná tọ́ọ̀ṣì, oògùn ojú egbò, fìlà etí gbòòrò àti omi mímu tó pọ̀ dání. Oòrùn orí omi ju ti orí ilẹ̀ lọ, torí omi ń dá a padà sójú yín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú páàdì tó pọ̀ dání, kẹ́ ẹ sì di í sínú ọ̀rá kó má tutù.

Ẹ má pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ bèbè odò. Dáàmù wà lókè Jẹ́bà, bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ibẹ̀, odò lè kún lóru láìsí òjò. Orí ibi gíga ni kẹ́ ẹ sùn. Ẹ má sì lọ láàárín August sí October. Ẹ rántí bí omi ṣe bo Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n kí kùrukùru kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó wọ omi láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà ńkọ́? A ò ní tàn yín. Ní January 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní àríwá Èkìtì wa níbí, Onímọ̀jọ̀ àti Ẹlẹ́sun. Ẹ má ṣe sùn sínú igbó tẹ́nì kan ò mọ̀ yín. Abúlé ni kẹ́ ẹ máa sùn lálaalẹ́. Ẹ lọ kí baálẹ̀ wọn kẹ́ ẹ tó sọ ẹrù, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní nǹkan wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ mú bọ̀ láti ilé. Bí àwọn ará abúlé bá ní ibì kan ò dára lásìkò yìí, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí ìròyìn ojú ọ̀nà ò bá dára kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ sún un síwájú. Ọya ò lọ síbì kankan.

ÀWỌN TÍ KÒ YẸ KÓ LỌ

Ẹni tó ní wárápá, aláboyún, àti ọmọdé tí kò lè dá láìfù-jákẹ́ẹ̀tì so, kí wọ́n dúró nílé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè, kó sì kó oògùn tó máa ju ọjọ́ ìrìn-àjò lọ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹmu àti ògógóró ò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá dé Lọ́kọ́ja, ẹ lè mu ún níbẹ̀.

Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé sílẹ̀ fún àwọn òbí yín, kí ẹnì kan nílé mọ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tí Ọya pọ́n, tí Bẹ́núé mọ́, tí wọ́n jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dà pọ̀, ẹ ó mọ̀ pé ìrìn-àjò náà tó ìnáwó. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kónílé má relé. Iyán gbígbóná n'Ìrè ń dúró dè yín, ẹ padà wá jẹ ẹ́.